Má Fọwọ́ Kan Ilé Agbọ́n Yẹn, Àjọkẹ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́rú, àárọ̀.

Bímpé ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn, ilé wa kò sì jó. Bàbá rẹ ti jẹun tán láàárọ̀ yìí, ó ti ń bá rédíò rẹ̀ jà. Mo sáré sọ èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé bí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe nípọn tó, àyà rẹ yóò já. Àyà tèmi ló já. Láti ìrọ̀lẹ́ àná tí Sùlé awakọ̀ ti mú lẹ́tà rẹ dé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, n kò rí iṣẹ́ gidi kan ṣe. Mo rán apá òsì bùbá oníbùbá mọ́ ibi tó yẹ kí apá ọ̀tún wà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí i, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń na ìka wọn nítorí irú rẹ̀!

Ẹ̀rín ni mo fi ka lẹ́tà rẹ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀. O sọ ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. O sọ ti Kúnlé ọkọ rẹ, tó ń jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ rẹ tó sì ń dúpẹ́. Mo kà á sókè fún bàbá rẹ, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kí lẹ́tà parí ni o kọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò, pé agbọ́n ti kọ́lé sí etí òrùlé lókè ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yín. O ní lọ́la, Ọjọ́bọ̀, ni gbogbo agboolé máa tún ilé ṣe nítorí ìrántí bàbá ọkọ rẹ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. O ní ìyàwó kékeré ló máa ń gbá abẹ́ òrùlé nílé wọn, ìwọ sì ni ìyàwó kékeré. O ní o máa fi ìborùn wé orí àti ojú, o máa fi ìgbálẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gbá ilé agbọ́n náà lulẹ̀, o máa sá. Kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí agbọ́n ń ṣe sí ara rẹ níbẹ̀, Kúnlé pàápàá kò mọ̀. O wá fi òwe dé e lórí fún mi pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Àjọkẹ́, ṣé orí rẹ pé báyìí?

Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, ogun ló ń lọ. Kì í ṣe ìyàwó tó ń gbálẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo bí. N kò ní òmíràn tí mo lè nawọ́ mú bí o bá lọ. Má ṣe pa òwe yẹn fún mi mọ́ láé. Ọjọ́ tí o bá tún pa á fún mi, mo máa gbàgbé pé o ti relé ọkọ, mo máa gbá ọ létí.

Bóyá ọjọ́ ti pẹ́ jù lójú rẹ, bóyá o rò pé ara rẹ ti gbó. Jẹ́ kí n rán ọ létí, nítorí ìwọ ni ó ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ èmi ni mo rí i.

O kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà náà. A lọ kí ìyá mi ní Ibefun ní àsìkò ọ̀gẹ̀dẹ̀. O ń ṣeré lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, agbọ́n kan fò wá, ó ta ọ́ létí. Agbọ́n kan péré. Gbogbo ọmọ ni agbọ́n máa ń ta, wọn á sunkún, a ó fi nǹkan pa á fún wọn, ó parí. Mo tiẹ̀ bú ọ pé kí o má pariwo mọ́. Àfi bí o ṣe dákẹ́ lójijì. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, ojú rẹ ti wú dí, ètè rẹ ti tóbi ju ti àgbàlagbà lọ, gbogbo ara rẹ pọ́n, o sì ń fa èémí bí ẹni tí wọ́n di aṣọ mọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni o ṣubú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n.

Obìnrin kan tó ń kọjá lọ ló kọ́kọ́ lọgun. Ó ní, "Yéè! Wárápá! Wárápá ti gbé ọma!" Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kí ìwọ tó dìde nílẹ̀. Àwọn kan ń wá ṣíbí tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àwọn kan ń sá fún ọ, wọ́n ní kí itọ́ rẹ má kan àwọn. Bàbá rẹ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé ọ lé iwájú alùpùpù rẹ̀, ó fi aṣọ so ọ́ mọ́ àyà, ó kọrí sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹsẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀ lé e, bí ẹni pé mo lè bá alùpùpù. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni mo ń bẹ Ọlọ́run. Mo ní kó gba ojú mi méjèèjì, kó fi ọ́ sílẹ̀.

Dókítà fún ọ ní abẹ́rẹ́, èémí rẹ padà bọ̀ sípò. Ó jókòó tì wá, ó ṣàlàyé pé kì í ṣe wárápá rárá, pé ara rẹ ni kò gba oró agbọ́n. Ó ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà. Ó ní ìgbà mìíràn tí agbọ́n bá tún ta ọ́, ó ṣeé ṣe kó burú ju èyí lọ, kí a má ṣe rò pé ó máa fúyẹ́. Kò sì purọ́. Ìgbà tí ó tún ṣẹlẹ̀, o ti wà ní ilé-ìwé girama, o fi ọwọ́ ti fèrèsé tí agbọ́n kọ́lé sí ẹ̀yìn rẹ̀. O mọ ibi tí o ti jí. Ọlọ́run ló ní kí tíṣà tó wà níbẹ̀ ní mọ́tò. Ilé ìwòsàn kò jìnnà, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí o kú.

Ṣé o rí i? Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítòsí ilé ìwòsàn, díẹ̀ ló kù. Níbi tí o wà báyìí, bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ta ni yóò mọ ohun tó ń ṣe ọ́? Wọn á máa wá ṣíbí. Wọn á máa wọ́n omi sí ọ lójú. Ìgbà tí ẹnì kan yóò fi rántí mọ́tò, mo máa ti di abiyamọ tí kò lọ́mọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o rò nìyí.

Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ wárápá yẹn ni. Mo mọ̀ pé nígbà tí àwọn ará ilé Kúnlé ń ṣe ìwádìí wa, bí gbogbo ọmọlúàbí ti ń ṣe kí wọ́n tó fẹ́ ìyàwó, wọ́n dé Ibefun, wọ́n sì gbọ́ fìrìfìrì pé ọmọ kan ṣubú rí. Wọ́n wá bá Àǹtí Ayépé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, nítorí òun ni àgbà. Àǹtí búra fún wọn pé nǹkan kan kò ṣe ọ́ rí, pé ibà lásán ni. O rántí ọjọ́ tí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí a ránṣẹ́ padà sí wọn, kí a ṣàlàyé ti agbọ́n fún wọn. Àǹtí ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ní kì í ṣe wárápá, ta ló máa gbà yín gbọ́?" Ìwọ náà bú sẹ́kún, o ní òótọ́ ni Àǹtí sọ, o ní bí Kúnlé bá fi ọ́ sílẹ̀ o kò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n borí mi.

Kò sí bí mo ṣe máa bínú sí Àǹtí, ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n tọ̀. Láyé tiwọn, wọ́n ti rí ọmọbìnrin tí wọ́n dá padà sílé bàbá rẹ̀ nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ tó ọdún kan, agbọ́n ti ń fò lórí rẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ mi sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ, kí o má baà sọ pé ìyá aránṣọ ń sọ̀rọ̀ bí òwú tó já.

Èkíní. Má fọwọ́ kan ilé agbọ́n yẹn. Kì í ṣe ọwọ́ nìkan o. Má fi ìgbálẹ̀ kàn án, má fi ọ̀pá kàn án, má jù ú ní òkúta. Ìborùn tí o ní o máa wé, agbọ́n kò mọ ìborùn. Abẹ́ aṣọ ló máa ń wọ̀, tí yóò sì máa ta ènìyàn léraléra, nítorí kò dà bí oyin tó ń ta lẹ́ẹ̀kan tó sì ń kú. Bí o bá sì fọ́ ilé rẹ̀, gbogbo wọn ló máa jáde wá ẹni tó ṣe é. Ìwọ lo máa dúró lábẹ́ rẹ̀.

Èkejì, èyí tí mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí dáadáa, nítorí mo mọ ìtara ìyàwó tuntun. Òun ló mú mi rí. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé bàbá rẹ, agbọ́n wà lára òrùlé ilé ìdáná ìyá ọkọ mi. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo ilé ìdáná nígbà náà. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé àwọn máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi wò ó pé, rárá o, wọ́n á rí i pé Ibefun ni wọ́n ti bí mi, pé n kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo dúró kí wọ́n lọ sọ́jà, mo tan iná sí ewé gbígbẹ, mo nà á sókè. Agbọ́n fò lọ. Ilé ìdáná jó títí dé ìpìlẹ̀, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n sá sórí àjà, pẹ̀lú ọpọ́n, pẹ̀lú ìkòkò tí ìyá ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí ìyá ọkọ mi dé, wọ́n wo eérú, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọma mi, ṣé agbọ́n náà ti kú báyìí?" Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹbí fi ń pè mí ní Ìyá Oníná títí di òní, tí ìwọ sì rò pé oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ìtara láti fi ara ẹni hàn ní ilé ọkọ, iná ni. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ akíkanjú. Kò sí ẹni tó bẹ ìwọ náà. Bí wọ́n bá mọ̀ pé gbígbá yẹn lè gbẹ̀mí rẹ, ta ni nínú wọn tó máa gbé ìgbálẹ̀ fún ọ? O kàn ń rò fún wọn ni.

Ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá máa bá agbọ́n jà ní ilé yín, kí ó jẹ́ ọkùnrin tó ti ṣe é rí, kí ó sì ṣe é nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí gbogbo wọn bá ti wọlé tí ara wọn sì ti rọlẹ̀. Ọ̀sán gangan tí ẹ fẹ́ fi ṣe é lọ́la, ìgbà náà ni ara wọn gbóná jù. Kí wọ́n lo èéfín, kí wọ́n má lo ọwọ́ iná. Páànù ni wọ́n fi bo ilé yín, kò lè jó bí tèmi, àmọ́ igi àjà wà lábẹ́ páànù. Àwọn kan máa ń da kẹrosíìnì sí i láti ìsàlẹ̀. Bàbá rẹ ní ó máa ń pa wọ́n, àmọ́ kí iná má sí nítòsí rárá, kí wọ́n sì ti pa ààrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí, ìwọ kò gbọdọ̀ sí nínú agboolé. Má sọ pé o máa dúró sínú yàrá. Àwọn agbọ́n tó bá yè máa ń wọ yàrá. Kí o wà ní ilé ẹlòmíràn títí di ọjọ́ kejì.

Bí wọ́n bá ti kúrò, kí wọ́n ha ojú ibẹ̀ mọ́, nítorí agbọ́n máa ń padà síbi tó bá mọ̀. Kí wọ́n dí ihò ara ògiri àti ibi tí páànù ti ṣí. Ìwọ máa wo etí òrùlé láti òkèèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá ṣì kéré bí ìdérí ìgò, tí agbọ́n kan tàbí méjì péré wà lórí rẹ̀, ìgbà náà ni kí o pe ènìyàn, kó tó di ìlú. Èèpo máńgòrò àti ìrèké, má jẹ́ kí wọ́n dà á sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ohun mímu aládùn tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ ìrántí, má gbé e sẹ́nu láìwo inú rẹ̀. Bí agbọ́n bá sì fò sún mọ́ ọ, má ṣe ju ọwọ́. Dúró jẹ́ẹ́, kí o rọra máa fà sẹ́yìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Èyí tó kàn ni olórí gbogbo rẹ̀, kò nílò nọ́ńbà.

Sọ fún wọn.

Kúnlé ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Mo ti wo ọmọ yẹn dáadáa. Kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ tó sì ń dúpẹ́ ló máa lé ìyàwó rẹ̀ nítorí agbọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti òun jọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí irọ́ Àǹtí. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ. Sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀ nípa mi. Bí agbọ́n bá ta mí, mo lè kú. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí tí n kò fi sọ." Bí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọn á bínú tán, ìwọ ṣì máa wà láyé láti bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ní wárápá ni, kí wọ́n wá bá èmi àti bàbá rẹ, a ó jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ṣe mọ́, tí wọ́n ní kí o máa bọ̀ nílé, yàrá rẹ ṣì wà. Aṣọ oníbàárà ló kún inú rẹ̀, mo lè kó wọn kúrò kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ̀sín tí ò ń bẹ̀rù kò ju ìyẹn lọ: kí o padà wá jókòó ti ìyá rẹ, kí àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì rẹ̀ wọ́n. Ikú kì í rẹ̀, Àjọkẹ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Mo dúró díẹ̀ níbí. Sùlé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀, ó ní èrò òun ti kún, pé kí n mú lẹ́tà wá. Mo wò ó. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ èrò mẹ́ta ló máa bọ́ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì ti gbàgbé ẹrù mi sínú ọkọ̀ rí. Bí ó bá fún ọ lónìí, ó dára. Bí ó bá fún ọ ní ọ̀la ńkọ́, lẹ́yìn tí o ti gbé ìgbálẹ̀? Bí ó bá sì fún ọ lónìí, mo mọ ọmọ tí mo bí. Wàá kà á, wàá sunkún, wàá ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, wàá sọ pé Màmá máa ń dààmú jù, wàá sì lọ wá ìborùn. N kò lè jókòó síbí lọ́la kí n máa fetí sí ìró mọ́tò ní òpópónà, kí n máa wò bóyá ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Mo ti ṣe irú ìjókòó yẹn ní ilé ìwòsàn, n kò lè ṣe é mọ́.

Mo ti ní kí Sùlé fi àyè kan sílẹ̀ fún mi níwájú.

Bàbá rẹ ní, "Ìyá ìyàwó kì í ṣàdédé yọ sí ilé àna, kò sí ọmọ tuntun, kò sí òkú. Kí lo máa sọ pé o wá ṣe?" Mo ní mo wá kí òkú má baà sí. Ó pa rédíò. Ó lọ mú ìwé tí dókítà kọ nígbà náà wá láti inú àpótí rẹ̀, ó fi sínú àpò mi, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi bí òun bá ti ti ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún láti ọjọ́ Àìkú kò tilẹ̀ dùn ún mọ́.

Bí mo bá dé, n kò ní lè pè ọ́ sí kọ̀rọ̀. Ìyá tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ, wọ́n á ní ó ń kọ́ ọ ní àìgbọràn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá la ẹnu, ẹkún ni yóò jáde. Nítorí náà ni n kò ṣe ya lẹ́tà yìí. Èmi fúnra mi ni mo máa fi lé ọ lọ́wọ́, tí mo máa ní kí o lọ kà á ní yàrá rẹ.

Ibi tí o bá ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ. Wọ́n ti bi mí léèrè ohun tó gbé mi wá. Mo ní ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ kan láti bá wọn sọ, pé kí a dúró dè é díẹ̀. Bí o bá jáde wá, tí o sọ ọ́ fúnra rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ ni, mo máa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí o kò bá jáde, mo máa sọ ọ́, o sì lè bínú sí mi títí tí mo fi máa kú. Mo fara mọ́ ọn. Kí o ṣáà wà láyé láti bínú.

Dìde, Àjọkẹ́. A ń dúró dè ọ́.

Ìyá rẹ.